Ìwé Tí Tútùọlá Kọ Lẹ́nu Iṣẹ́

Mo kan sáárá sí Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Òjíṣẹ́ ni ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà kan. Bí wọn ò bá tíì rán an níṣẹ́, á fa pẹ́ńsù yọ, á máa kọ ìtàn ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìtàn náà ló di The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Kò dúró de ìsinmi, ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Àkókò tí à ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta l'Ékòó lónìí tó fi kọ ojú ìwé kan, ká sòótọ́! Nígbà tí òkìkí rẹ̀ sì kàn, iṣẹ́ oṣù ló ṣì ń ṣe, ó ń tọ́jú ẹrù nílé-iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, ìwé sì ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀.