Ìkarahun Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ohun tí a sábà máa ń fà yọ nínú òwe yìí ni pé àwọn nǹkan kan wà tí a kò lè yà kúrò lára ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan fara sin sínú rẹ̀ tí a kì í yẹ̀ wò: ìgbín kò ra ìkarahun rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ara rẹ̀ ni ó ti hù ú. Bí ó ti ń dàgbà ni ìkarahun ń gbòòrò. Ilé tí ìgbín ń gbé kiri kò ní ìtàn mìíràn ju ìtàn ìgbín fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ ènìyàn tí ó bá fẹ́ gbé ilé rìn. Ìkarahun ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ni ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ̀yìn tì, ó sì sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ọkọ̀-ilé. Ọkọ̀-ilé ni mo pe bọ́ọ̀sì tí a kọ́ yàrá ìsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀, tí tọkọtaya lè fi rin ìrìn oṣù mẹ́ta láìsùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kékeré. Àgbà inú wọn ni ó ń wò, èyí tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 40, tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà lẹ́yìn bíi ti bọ́ọ̀sì akérò, tí owó rẹ̀ ní tuntun sì lè lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Agbára rẹ̀ kò ká tuntun. Àlòkù ni yóò rà, kò sì rà irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n bá òun wò ó, nítorí pé iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ewì í yẹ̀ wò, mo mọ eré orí ìtàgé í yẹ̀ wò. Kí ni ó kàn mí nínú bọ́ọ̀sì? Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo mẹ́ta tán, mo rí i pé iṣẹ́ kan náà ni.

Kí n má purọ́, inú mi kò kọ́kọ́ dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ sí Òṣogbo kò tíì ní òrùlé. Lójú tiwa, ilé ni ibi tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni a sì ń sin àgbà sí. Ta ni yóò sin òkú sínú ọkọ̀? Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tí a bí ní Georgia gan-an, ni ó dá mi lóhùn. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun a máa wa ọkọ̀ láti alẹ́ mọ́jú bí wọ́n bá ń lọ kí ẹbí wọn ní Chicago, nítorí pé kò sí òtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà tí yóò gbà wọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti ọdún 1964 tó dé, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ni kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ìdí nìyẹn tí Victor Green fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé atọ́nà kan jáde ní 1936, tí ó ń to àwọn ibi tí aláwọ̀ dúdú lè sùn sí lẹ́sẹẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí Duke Ellington àti àwọn onílù rẹ̀ fi ń gba kọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ ojú irin fún ara wọn ní àwọn ọdún 1930 bí wọ́n bá ń lọ ṣeré ní Gúúsù: inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo mọ̀ pé ohun tí mo pè ní ìgbéraga lè jẹ́ ìmúláradá fún ẹlòmíràn. Mo pa ọ̀rọ̀ Òṣogbo tì, a sì jáde lọ wo ọkọ̀.

Nínú àwọn mẹ́ta tí a wò, mo gbójú fo èkíní, nítorí pé òórùn omi tí ó ti rà sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí a pẹ́ níbẹ̀. Èkejì jẹ́ Prevost. Sainte-Claire ní Québec, ní ilẹ̀ Kánádà, ni a ti ń ṣe é. Káfíńtà ni Eugène Prévost tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àga ṣọ́ọ̀ṣì àti àga iléèwé ni ó ń kàn kí wọ́n tó ní kí ó kan ara bọ́ọ̀sì kan ní 1924. Títí di òní, ìkarahun ni Prevost ń ṣe fún ọkọ̀-ilé: ara, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn, bíi Marathon ní Oregon, ni ó ń kọ́ ilé sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ Wanderlodge, tí ilé-iṣẹ́ Blue Bird ṣe ní Fort Valley, ní Georgia kan náà. Àwọn ni wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tí ń gbé ọmọ iléèwé. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kan náà kọ́ ilé fún àwọn arìnrìn-àjò. Wọn kò sì ṣe é mọ́ báyìí.

Prevost náà dán. Dígí bo àjà rẹ̀, ẹ̀rọ omi rẹ̀ ń kọ mọ̀nà bíi góòlù, àga rẹ̀ funfun. Ẹni tí ó ń tà á sọ fún wa pé máìlì tí ó ti rìn kò tó nǹkan fún ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn ni ìyìn tí ó ga jù. Ibẹ̀ gan-an ni ojú lámèyítọ́ ti wúlò. Ọkọ̀-ilé jẹ́ ohun méjì tí a so pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní bí ó ṣe ń gbó. Ilé ń gbó láti orí: ojú oríkèé òrùlé àti etí fèrèsé ni òjò ń gbà wọlé, yóò sì ti jẹ pákó inú ògiri tán kí àbàwọ́n tó yọ síta. Ọkọ̀ ń gbó láti ẹsẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn dúró fún ọdún. Bí a bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ti Prevost yìí ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ojú rẹ̀ ṣì jin bíi ti tuntun, ṣùgbọ́n oòrùn ti la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lójú ọ̀nà, kí ó sì gbé odidi ilé dànù.

Máìlì kékeré kì í ṣe ìyìn nígbà gbogbo. Jẹnẹrétọ̀ tí a kò tan fún ọ̀pọ̀ oṣù, epo inú rẹ̀ yóò di gọ́ọ̀mù. Rọ́bà tí kò rìn yóò gan, bátìrì tí a kò lò yóò kú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé ni ó ní firíìjì tí iná gáàsì ń mú tutù; bí a bá ń lò ó níbi tí ọkọ̀ ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè bàjẹ́, kódà ó lè gbiná. Ògiri tí ń yọ síta láti mú yàrá gbòòrò, tí ó gbòde láti àwọn ọdún 1990, dùn ún wò, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ilé bá ti ń ṣí ni omi ti lè wọlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìwé àtúnṣe, ọkùnrin náà na ọwọ́ sí dígí àjà. Kò ní ìwé kan.

Wanderlodge kò ní ẹwà tí a lè fi yangàn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n kùn ún, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣá. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó tí ó ni ín gbé páálí kan jáde, risíìtì kún inú rẹ̀, ìwé ìkọ̀wé kan sì wà lókè. Gbogbo ọjọ́ tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì, gbogbo táyà tí ó rà, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kọ ìgbà tí òjò wọlé lókè ibùsùn àti bí ó ṣe dí i. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà bàbá yìí ni ó fi tẹ́ ẹ fún wa. Nígbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ ẹni tí ó lo ọkọ̀ ni à ń rà, a kàn ń gbé ọkọ̀ lé e ni. Nígbà tí àwọn baba wa sọ pé ìwà lẹwà, wọn kò mọ ọkọ̀-ilé, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wọn kàn án.

Àwa náà ní ẹjọ́ tiwa nílé. A ń pe ọkọ̀ àlòkù ní tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. A sọ ohun ogbó lórúkọ ìkókó, a kì í sì í béèrè ẹni tí ó tọ́ ọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń tijú ogbó ní ọ̀nà tiwọn: àwọn ibùdó olówó kan wà tí kì í gba ọkọ̀-ilé tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, àfi bí ó bá dán tó lójú wọn.

Ìtàn ọkọ̀ kò pin síbi ọ́ìlì àti táyà. Owó tí a fi rà á wà nínú rẹ̀. Ní 1999, Clarence Thomas, adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà, tí òun náà jẹ́ ọmọ Georgia, ra Prevost àlòkù kan tí Marathon kọ́ ilé sí. Nínú fíìmù Created Equal tí ó jáde ní 2020, ó ní ibùdó ọkọ̀-ilé àti ààyè ìgbọ́kọ̀sí Walmart wu òun ju etíkun lọ. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ pé dọ́là 267,230 ni ọkọ̀ náà, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Anthony Welters ni ó yá a lówó. Ní oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Democrat nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó ilé aṣòfin àgbà ní ọ̀rẹ́ náà ti fi púpọ̀ tàbí gbogbo gbèsè náà jì í. Agbẹjọ́rò adájọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n san án bí àdéhùn ṣe là á sílẹ̀. Èmi kò lè dá adájọ́ lẹ́jọ́. Ohun tí mo rí ni pé ọkọ̀ kan náà tí ó dúró fún ìrẹ̀lẹ̀ ní 2020 di ìbéèrè ní 2023, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára irin rẹ̀. Ìwé ni ó yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ra Wanderlodge. Kò rà á lọ́jọ́ náà. Ó kọ́kọ́ háyà ọkọ̀-ilé kékeré fún ọ̀sẹ̀ kan, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ lè mọ̀ bóyá àwọn lè gbé inú yàrá kan láìjà. Lẹ́yìn náà ni ó san owó fún mẹkáníìkì tí kò mọ ẹni tí ń ta ọkọ̀, pé kí ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ó sì fi apá kan owó rẹ̀ pamọ́, nítorí pé iye tí a kọ sára ọkọ̀ kọ́ ni iye tí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni. Bàbá arúgbó náà fún un ní ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ilé Òṣogbo ṣì wà láìlórùlé. N kò tíì dẹ́kun láti máa rán an létí. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti gba ọ̀nà Chicago tí bàbá rẹ̀ ń wà mọ́jú. Níbi tí oorun ti kì í, ó ní kí wọ́n dúró, ó sì sùn.