Ohun tí Egungun Kò Lè Sọ nípa Àgbàdo

Nínú iṣẹ́ tí J. C. Vogel àti Nikolaas van der Merwe tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, egungun àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n fi wádìí ìgbà tí àgbàdo di oúnjẹ òòjọ́ ní ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Àlàyé wọn dúró ṣánṣán. Kábọ́ọ̀nù-13 inú àgbàdo pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ irúgbìn lọ; bí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ déédéé, àmì rẹ̀ yóò wọ inú egungun. Ní agbègbè yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ oko mìíràn tí ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àìsí yìí ni agbára iṣẹ́ náà, òun náà sì ni ààlà rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ kan ti rí ojú ṣùkù àgbàdo lára àpáàdì àtijọ́, wọ́n sì ní àgbàdo ti débẹ̀ ṣáájú ọdún 1492. Àwọn mìíràn kò gbà. Egungun kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ọkà bàbà àti jéró, tí wọ́n ti pẹ́ ní Áfíríkà, àmì kan náà ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

Ti iṣu tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú púrótéènì ni kọ́láájìn, èròjà egungun tí wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò, ti ń rí ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ púrótéènì inú iṣu kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ń jẹ iyán láàárọ̀ lálẹ́, ẹja inú ọbẹ̀ rẹ̀ ni egungun rẹ̀ yóò máa ròyìn. Vogel àti van der Merwe kò jẹ̀bi èyí. Àgbàdo New York ni wọ́n wá lọ. Hóró àgbàdo tí ó jóná, tí wọ́n hú jáde tí wọ́n sì ka ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an, ni ó lè parí àríyànjiyàn Ilé-Ifẹ̀.