Ààfin Honmè: Ilé Ọba Tí Kò Gba Àlejò Sùn

Yàrá kan wà nínú ààfin Honmè ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀), tó ṣókùnkùn biribiri. Àwọn amọ̀nà á sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni ọba tí ọ̀ràn bá ti kọjá agbára rẹ̀ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ wàjà. Ọmọ Yorùbá kì í béèrè àlàyé púpọ̀ níbẹ̀; ìtàn Aláàfin tí wọ́n ní kó ṣígbá wò ti wà létí rẹ̀ láti kékeré. Yàrá yẹn ni mo fi ń dá ẹni tó bá ní kí wọ́n sọ ààfin náà di hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá lóhùn: èló lẹ fẹ́ máa gbà níbẹ̀ fún oorun ọjọ́ kan?

Èrò náà kì í ṣe ti wèrè o. Ètò tí ìjọba Sípéènì dá sílẹ̀ ní 1928 ti sọ ọ̀pọ̀ ilé olódi àtijọ́ di ilé ìtura. Ní Udaipur ní Íńdíà, ààfin tó dá dúró láàárín omi di hòtẹ́ẹ̀lì ní 1963, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé. Ẹni tó bá mọ ohun tí òjò ń fi ojú ògiri amọ̀ rí kò ní fi owó bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé lára ààfin yìí lẹ́ẹ̀kan rí. Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 sí 1908, sá sábẹ́ ààbò Faransé ní 1883 nítorí ìbẹ̀rù Dàhọ̀mì. Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, ṣubú lóòótọ́, Àjàṣẹ́ sì di olú-ìlú àwọn òyìnbó. Igbó ọba tó wà nítòsí ààfin, Faransé sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n fi ń dán irúgbìn wò. Nígbà tí Toffa wàjà, ẹni tó gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ọba mọ́ lójú wọn, olóyè lásán ni. Bí ẹni ń yọ ìlẹ̀kẹ̀ adé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni.

Àwọn tó sọ Honmè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe ohun pàtàkì kan dáadáa: wọn kò da àgbàlá rú. Ní èdè Ẹ̀gùn, orúkọ náà ń sọ ti inú ẹnu ilẹ̀kùn, bí a sì ṣe ń wọlé nìyẹn, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, ògiri amọ̀ lọ́tùn-ún lósì, títí ariwo ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, á fi lọ sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Ẹsẹ̀ á ti mọ̀ kí ojú tó mọ̀ pé a kì í já lu ọba. Hòtẹ́ẹ̀lì kò lè fara da irú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù fẹ́ ọ̀nà tààrà.

Ibi tó kù sí ni ti àwọn olorì. Wọ́n á fi ibùgbé wọn hàn ọ́, ṣùgbọ́n kò sí èéfín níbẹ̀, kò sí òórùn ọbẹ̀. Toffa ló gba gbogbo ẹnu. Àwọn obìnrin tó gbé ilé náà ró di iye lásán. Mo sì rò pé inú ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ti ń jáde. Ó ń wu àlejò kó gbọ́ ohùn ènìyàn nínú ilé.

Ní Lomé ní Tógò, ilé gómìnà tí àwọn Jámánì kọ́ parí ní 1905 di ilé iṣẹ́ ọnà ní 2019. Ìyẹn rọrùn, ilé gómìnà kò ní èèwọ̀ tí yóò bàjẹ́. Bí olówó kan bá ń wá ibi tí yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí ní Àjàṣẹ́, kó lọ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà, tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira tí wọ́n ti Bràsíl dé, àti àwọn ọmọ wọn, kọ́, tí igi ti ń hù lára ògiri àwọn mìíràn báyìí. Ilé fáàrí ni wọ́n, ilé àríyá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni fèrèsé wọn ti kọjú sí ìgboro.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn Honmè, ọ̀pọ̀ àlejò á sì wọ mọ́tò padà sí Kútọnu lọ sùn. Èmi ò rí àbùkù níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀dì: kí ìyá kan máa dá iná sí àgbàlá àwọn olorì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó gbé ìkòkò ka ààrò, kí amọ̀nà sinmi ẹnu díẹ̀, kí ìyá sọ tirẹ̀.