Ohùn Gbígbọ̀n àti Ohùn Títọ́ Nínú Ẹgbẹ́ Akọrin Ìjọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti fa àríyànjiyàn púpọ̀ láàárín àwọn akọrin inú ìjọ wa, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀wò nínú ìwé yìí. Nígbà tí akọrin bá fa ohùn gùn, ǹjẹ́ ó yẹ kí ohùn náà máa gbọ̀n, èyí tí àwọn olórin ń fi èdè Ítálì pè ní vibrato, tàbí kí ó dúró gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ìjọ kan tí a ti sìn rí, olùdarí akọrin kan wà tí ó kórìíra ohùn gbígbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí àwọn ìyá àgbà mẹ́ta bọ́ aṣọ akọrin wọn sílẹ̀, nítorí pé ohùn wọn kò dúró mọ́. Àwọn ìyá wọ̀nyí ti ń kọrin nínú ìjọ náà kí a tó bí olùdarí náà. Wọn kò jà, wọn kò sì ráhùn. Wọ́n lọ jókòó sí ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run. Àwa tí a jẹ́ àlùfáà wọn dákẹ́, nítorí a rò pé ẹni tí ó kọ́ orin ni ó mọ òfin orin. Láti ìgbà náà ni a ti ń wádìí bóyá irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Gbígbọ̀n ohùn ni pé kí ohùn máa gòkè díẹ̀, kí ó sì máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ní ìwọ̀n ìgbà 5 sí 7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Carl Seashore àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà wọn ohùn àwọn akọrin olókìkí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1932 àti 1936. Wọ́n rí i pé láti òkè gbígbọ̀n náà dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tó nǹkan bí ààyè tí ó wà láàárín mì àti fà nínú sólfà. Etí kì í sì í gbọ́ ọ bí ohùn méjì, bí kò ṣe bí ohùn kan ṣoṣo tí ó wà ní àárín. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i, gbígbọ̀n náà a máa lọ́ra, a sì máa fẹ̀, títí etí yóò fi máa gbọ́ lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀.

Àríyànjiyàn náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1756, nínú ìwé rẹ̀ lórí fayolíìnì, Leopold Mozart bá àwọn tí ń gbọ̀n lórí gbogbo ohùn wí, ó fi wọ́n wé ẹni tí ibà kò fi sílẹ̀. Ní ọdún 1778, Wolfgang ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí i láti Páríìsì nípa akọrin kan, pé ohùn ènìyàn a máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbọ̀n ọ́n kọjá ìwọ̀n ti lòdì sí ìṣẹ̀dá. Àṣejù ni bàbá àti ọmọ kọ̀, kì í ṣe gbígbọ̀n fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, F. Melius Christiansen, tí ó dá ẹgbẹ́ akọrin St. Olaf sílẹ̀ ní ọdún 1912, fẹ́ kí gbogbo ohùn yọ́ pọ̀ di ọ̀kan láìgbọ̀n. John Finley Williamson, tí ó dá Westminster Choir sílẹ̀ ní ọdún 1920, fẹ́ kí olúkúlùkù fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un kọrin. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó lókìkí, àárín àwọn Kristẹni sì ni méjèèjì ti jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé òfin kan ṣoṣo ni ó wà kò mọ ìtàn.

Báwo wá ni ti àwa? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ Áńgílíkà ti mú ohùn gbọọrọ wá fún wa. Níbẹ̀, àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń kọ ohùn òkè nínú àwọn ilé òkúta gíga tí ìró a máa pẹ́ kí ó tó kú. Bí ogún ènìyàn bá ń gbọ̀n ní ọ̀nà ogún níbẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò jáde. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì jẹ́ ọ̀gá orin ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, fi ìdí mìíràn hàn wá tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1953, ó fi hàn pé orin wa kò lè ya ara rẹ̀ kúrò lára ohùn ọ̀rọ̀.

Ẹrù àti ẹrú: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí ẹnìkan bá ń kọrin pé Olúwa gba ẹrù òun, tí orin sì gòkè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀, ẹrú ni ìjọ yóò gbọ́. A dán an wò láàárín àwọn akọrin wa. Gbígbọ̀n kékeré kò yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí ààyè tí ó wà láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa fẹ̀ jù ú lọ. Gbígbọ̀n tí ó fẹ̀ tí ó sì lọ́ra, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣe é pọ̀, a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù lọ ni orin òyìnbó tí a kàn ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀, tí ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, bí ohùn akọrin tilẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni olùdarí wa fi ohùn títọ́ kọ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé lílé àwọn ìyá náà. Ó fọ òde ago, inú rẹ̀ kò mọ́.

Àwọn baba wa kò sì kórìíra ohùn gbígbọ̀n. Nínú ẹkún ìyàwó, ní ìhà Ọ̀yọ́, ohùn ẹkún ni ọmọbìnrin fi ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa yé àwọn tí ń gbọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ìdájọ́ wa nìyí. Nínú Sáàmù àti nínú orin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kọ pọ̀, kí ohùn kí ó dúró, kí ọ̀rọ̀ lè hàn. Ẹni tí ń dá kọrin, kí ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n bí a ti dá a, kí ó má ṣe fi í ṣe ọ̀ṣọ́. Kí olùdarí má ṣe kọ́ ènìyàn láti fún ọ̀fun pọ̀ kí ohùn lè tọ́, nítorí ohùn bẹ́ẹ̀ a tètè rẹ̀; mímí dáradára ni kí ó kọ́ wọn. Ní ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọrin jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́, ohùn wọn yóò sì bá ti àwọn yòókù rẹ́. Wọ́n mọ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ inú orin ju ẹni tí ń darí wọn lọ, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Méjì nínú àwọn ìyá náà ti padà sí ipò wọn. Ẹ̀kẹta sùn nínú Olúwa kí ìwádìí wa tó parí. Èyí ni ó mú kí a kọ ìwé yìí, kí àlùfáà mìíràn má baà pẹ́ bí àwa ti pẹ́.