Éésì Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ àti Ọ̀rinrin Ìlú Effurun

Ìlú Effurun, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Uvwie ní ìpínlẹ̀ Delta, tí òun àti Warri sì ti so pọ̀ di ọ̀kan, jẹ́ ìlú tí ooru àti òjò rẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Petroleum Training Institute sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1973, tí ilé ìfọpo Warri sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, ni ọkọ̀ ti ń pọ̀ sí i lójú pópó rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ Tòkunbọ̀ tó ti gbó díẹ̀ kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń tún éésì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ fún ọ̀wọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún un lọ, nítorí pé ibi tó ṣòro jù nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe lílé omi kúrò nínú ẹ̀rọ, kì í hàn sí ojú oníbàárà.

Ohun tí éésì ń ṣe ni pé ó ń kó ooru inú ọkọ̀ dà síta. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, èyí tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ń yí, ń fún gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná. Gáàsì náà a wá gba inú kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń mú ooru kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi di olómi. Lẹ́yìn náà ni yóò gba ihò tóóró tí wọ́n ń pè ní fáàfù wọ èfáporétọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí yóò tibẹ̀ hó padà di gáàsì, tí yóò sì máa fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra.

Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́, rọ́bà olórùka tó wà ní oríkèé páìpù a máa gbẹ, gáàsì a sì máa jò. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í sáré rọ gáàsì tuntun. Yóò kọ́kọ́ wá oríkèé tí eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró lára rẹ̀, nítorí pé òróró kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa ń bá gáàsì jáde, yóò sì fi ọṣẹ olómi kùn ún láti wò ó bí yóò bá yọ ìfófòó. Nígbà tó bá tú páìpù láti pààrọ̀ rọ́bà, afẹ́fẹ́ Effurun yóò wọlé pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀. Omi kékeré yìí lè di yìnyín kí ó dí ẹnu fáàfù, ó sì lè bá gáàsì àti òróró pò di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin láti inú. Ìdí nìyí tó fi ń pààrọ̀ fílítà tó ń fa omi mu, tó sì ń fi pọ́ǹpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, nítorí pé níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti sí mọ́, omi a máa hó láìsí iná, a sì gba ẹnu pọ́ǹpù jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò pa pọ́ǹpù, yóò sì tẹjú mọ́ géèjì aláwọ̀ búlúù tó ń wọn ìfúnpá inú ẹ̀rọ: bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró gbọin, iṣẹ́ ti yege, bí ó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ihò kan ṣì wà tàbí omi kò tíì tán.

Ọkọ̀ tó ṣáájú ẹ̀wádún 1990, irú bíi Mercedes V-boot àkọ́kọ́, gáàsì R-12 ló ń lò, èyí tó ń ba ìpele ozone tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́. Àdéhùn Montreal ti 1987, tí Nàìjíríà dara pọ̀ mọ́ ní 1988, ló mú kí gáàsì R-134a gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀. Nítorí pé òróró R-12 kì í bá R-134a pò, ẹni tó bá fẹ́ yí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà gbọ́dọ̀ da òróró àtijọ́ nù, kí ó pààrọ̀ rọ́bà, kí ó sì dín ìwọ̀n gáàsì kù. Gáàsì ìdáná kò yẹ ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń rọ síbẹ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú, torí bí ó bá jò sínú ọkọ̀, ìtapárá iná kan lè gba ẹ̀mí gbogbo èrò.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó máa rọra fi omi fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kọ̀ńdẹ́ńsà; kí ó sì máa tan éésì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀, àní nígbà òjò, kí òróró lè máa dé ara rọ́bà inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ kó má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan àtúnṣe, kí ó má ṣe kán ọ̀gá éésì lójú, kí ó sì san owó ààbọ̀ wákàtí pọ́ǹpù láìjanpata, nítorí pé inú ààbọ̀ wákàtí yẹn ni iṣẹ́ náà wà.