Ọwọ́ tí Ń Tún Ohùn Ṣe
Ní Ìkẹ́rẹ́ ọmọ Olósùnta, níbi tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ilẹ̀kùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ fi han aráyé ní Wembley lọ́dún 1924, a kì í fojú kékeré wo iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń kí ẹni tí ó jókòó sílé rẹ̀ tí ó ń fi fáàfù, ìgò kékeré tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kan equalizer, ẹ̀rọ tí ń tún ohùn ṣe. Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà jinlẹ̀: kọ́ìlì àti kapásítọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ya ohùn ìsàlẹ̀ kúrò lára ohùn òkè, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń yà á ni agbára rẹ̀ ń dínkù, títí fáàfù yóò fi dá a padà, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ Pultec ti ṣe é ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1951. Nígbà náà ni ohùn elégbè orin àpíìrì ilẹ̀ Èkìtì, tí ìlù ti bò mọ́lẹ̀, yóò wá mọ́ gaara. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: iná fóòtì 250 a máa lúgọ sínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ, ọ̀mọ̀ràn a sì tú u dànù kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.