Ìbọn Tí Ọwọ́ Ń Kì

Lẹ́yìn ìpànìyàn tó wáyé nílùú Hungerford ní 1987, òfin 1988 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ráífù tó ń ki ara rẹ̀ léèwọ̀ fún ará ìlú, àfi èyí tó ń lo ọta kékeré .22. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ibẹ̀ kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n mú AR-15, ráífù tó ń ki ara rẹ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ Eugene Stoner, wọ́n sọ ọ́ di ìbọn afọwọ́fà.

Ohun tí wọ́n yọ kúrò ló wú mi lórí jù. Nínú ti Stoner, èéfín gbígbóná a máa gba ihò kékeré kan lára ọ̀pá ìbọn, a gba páìpù tín-ín-rín padà, a sì ti irin tó ń sé ìdí ọta sẹ́yìn. Nínú tiwọn, kò síhò, kò sí páìpù. Ọwọ́ irin kan ló yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́: ayìnbọn á fà á, èèpo ọta á fò jáde; tó bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì á ti ọta tuntun wọlé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa kì í gbójú kúrò lára àmì bó ṣe ń fà á.

Mo gbóríyìn fún wọn, torí iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹ̀bùrú: ìbọn yẹn kò ní í yìn lẹ́ẹ̀kejì àfi tí apá bá ṣiṣẹ́. Èéfín tí kò sì padà wọlé mọ́ kì í jẹ́ kínú rẹ̀ tètè dọ̀tí, ẹ̀sùn tí wọ́n ti ń fi kan AR-15 tipẹ́.